Ògiri Lanu, Ẹ Ń Kùn Ún Lọ́dà!

Àwọn àgbà ló ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé ni wọ́n ń fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí a mú un bó ṣe wà lẹ́nu, kí a fi sọ ọ̀rọ̀ ògiri gan-an. Láyé àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, bí ògiri bá lanu, wọn á wá ohun tó là á lẹ́nu. Láyé tiwa yìí, bí ògiri bá lanu, àpò sìmẹ́ǹtì kan la ó rà, a ó fi dí i lẹ́nu, a ó kùn ún lọ́dà, a ó sì pe àlejò wá jẹun lábẹ́ rẹ̀. Aláǹgbá ńkọ́? Inú ògiri la dí i mọ́.

Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa. Ẹni tó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìkéréku, tàbí tó ti Ìyànà-Ọ̀fà wọ Lálùpọn dé Èjìòkú, tàbí tó kọjá Ẹgbẹ́dá sí Erúnmu, tàbí tó forí lé Akánrán àti Bádéku, kó dín eré ọkọ̀ rẹ̀ kù, kó máa wo ara ilé. Yóò rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn baba wa fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára kí ó lè jọ ilé òyìnbó. Yóò rí ilé búlọ́ọ̀kù tí kò tíì pé ọdún 10. Àtògbó àtọ̀tun ló sán. Ìlà kan á ti igun fèrèsé bẹ̀rẹ̀, á máa wọ́ bọ̀ nílẹ̀ bí ejò. Òmíràn á ti ìpìlẹ̀ gòkè dé abẹ́ páànù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ óò ti rí ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tuntun dí, tó ń hàn lára ògiri bí àpá ọgbẹ́. Ẹ tún un wò dáadáa, ẹ óò rí i pé àpá náà fúnra rẹ̀ ti tún là. Onílé ò sinmi, bírikìlà ò sinmi, ògiri náà ò sì sinmi.

Ìgbà wo la tiẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ìgbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ni, tàbí ìgbà tí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tàbí ìgbà tí Bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ wá ṣe òkú. Bàbá tó ń sùn sábẹ́ ògiri náà láti ọdún 5 kò rí ẹni bá a tún un ṣe. Ọjọ́ tó kú tán ni owó ọ̀dà jáde. Wọ́n kun ilé ní funfun, wọ́n ta kánópì síwájú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n sì lọ. Ṣé òkú la kun ilé fún ni, àbí alààyè tó kù nínú rẹ̀? Ìyá ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn o!

Èmi yóò sọ ọ́ gbangba, kí inú ẹni tó máa bí ó bí i: irọ́ ni kí a máa fi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà bo ojú ògiri tó lanu láìbéèrè ohun tó là á. Irọ́ náà sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó rántí ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé kan tí ilé ìwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fááji ní Èkó. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú, ọmọ iléèwé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ló sọ lẹ́yìn náà pé ilé yẹn wà lára àwọn tí àwọn ti sàmì sí pé kí wọ́n wó. Nílé wa níbí ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé kan wó lóru ní agbègbè Jẹ́gẹ́dẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn 10 mọ́ ojú oorun. Ilé kì í sábà wó láìsọ̀rọ̀. Àwa ni a kì í fẹ́ gbọ́.

Amọ̀ kọ́ lọ̀tá yín

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀làjú á kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Wọn á ní, "Ilé alámọ̀ ni, kí lẹ tún retí?" Bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé irú ilé wo ló wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Alájà 21 ni, ọ̀gbàrá owó ni wọ́n ń dà sí i, kọnkéré ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ó wó kí wọ́n tó kọ́ ọ parí, àwọn tó kú sì ju 40 lọ. Amọ̀ kọ́ ló pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tún lọ sókè díẹ̀. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́sálásí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ọdún 1907. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Kí ni àṣírí rẹ̀? Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú máa ń jáde, tọmọdé tàgbà, wọn á po amọ̀, wọn á sì tún ara rẹ̀ rẹ́. Ní ìlú Shibam ní Yemen, ilé alámọ̀ alájà gíga-gíga ló kún ibẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú wọn. Amọ̀ tí a ń tọ́jú kì í dójú tini.

Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń mọ ilé, wọn á po amọ̀, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn á fi í sílẹ̀ kó jinná dáadáa. Wọn á mọ ìpele kan, wọn á dúró kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri wọn nípọn. Koríko tàbí ewé tí wọ́n fi bolé máa ń yọ síta gan-an, tó fi jẹ́ pé ọ̀gbàrá òjò kò lè dé ẹsẹ̀ ògiri. Bí ọdún bá yí po, wọn á tún ibi tó bá ha ṣe, amọ̀ ni wọn á sì fi tún amọ̀ ṣe.

Àwa wá dé pẹ̀lú ọ̀làjú. A mú koríko kúrò, a kan páànù. A gé etí páànù kúrú kí owó má baà pọ̀, omi òrùlé wá ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri tààrà. Èyí tó burú jù ni pé a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara amọ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Amọ̀ máa ń mí: bí omi bá wọ̀ ọ́, á wú díẹ̀, bí oòrùn bá ràn, á gbẹ, á sún kì. Sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀ le koránkorán, kò mọ wíwú, kò mọ sísún kì. Tí àwọn méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra fún ọdún díẹ̀, amọ̀ á máa rìn, sìmẹ́ǹtì á dúró, ara sìmẹ́ǹtì á sán wẹ́wẹ́. Òjò á gba ojú ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, nítorí sìmẹ́ǹtì ti bo gbogbo ara. Omi á wá jókòó sínú ògiri, á sọ amọ̀ di ẹ̀kọ lẹ́yìn ìrẹ́ tó ń dán. Ẹ fi ìka kan ara irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ilé yín. Bó bá ń dún bí akèrègbè òfìfo, ìrẹ́ ti kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Èèpo ẹyin lẹ̀ ń gbé inú rẹ̀.

Bírikìlà tó wá rí ibẹ̀ tó ní kí ẹ tún ra sìmẹ́ǹtì àpò méjì sí i, ṣé ìwòsàn ló ń ṣe ni, àbí aṣọ ló ń dá fún olókùnrùn?

Búlọ́ọ̀kù náà ò mọ́ lọ́wọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù má tíì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gún búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì, ẹ jókòó, ẹ máa kà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó yẹ kó yọ búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 bí 25 sí 30, àwọn kan á fi yọ iye tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò fi máa bi ara yín pé ṣé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n pò mọ́ iyanrìn ni, àbí wọ́n kàn fi àpò rẹ̀ hàn án. Búlọ́ọ̀kù yẹ kó máa mu omi fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ó tó le. Lọ́dọ̀ tiwa, òní la gún un, ọ̀la la kó o, ọ̀tunla ló ti wà lórí ìpìlẹ̀. Ẹ fi èékánná họ irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀, á máa ya sílẹ̀ bíi gààrí.

Sìmẹ́ǹtì náà ní ipò. Ní ọdún 2014, àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà nílẹ̀ yìí kéde pé sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára, fún rírẹ́ ilé nìkan ni. Èyí tí wọ́n kọ 42.5 sí ni kí a fi gún búlọ́ọ̀kù, kí a sì fi da òpó àti dẹ́kì. Ẹ bi bírikìlà yín èwo ló ń lò. Ọ̀pọ̀ wọn á wò yín bí ẹni pé ẹ̀ ń sọ èdè Lárúbáwá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Owó ilẹ̀ ti gbówó lórí ní ìgboro, ìlú Ìbàdàn sì ń sún wọ inú oko wá. Àwọn ènìyàn ń ra àkùrọ̀ tí àwọn baba wa fi ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń da ìdọ̀tí sí i kó lè ga, wọ́n sì ń kọ́lé lé e lórí. Ilẹ̀ tó ń wú nígbà òjò tó sì ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, wọ́n ní àwọn ti ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n fi igi ńlá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n darí omi balùwẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilé. Nígbà tí ọmọ pọ̀ sí i, wọ́n lẹ yàrá méjì mọ́ ilé láìfi ohunkóhun so tuntun mọ́ àtijọ́. Bí ilé bá sán, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe àwọn.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀bi ni ti onílé. Ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta, àwọn ará ibẹ̀ máa ń ké pé àdó ló ń la ògiri àwọn. Ó yẹ kí a gbọ́ wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí àdó ìfọ́kùúta tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé bú gbàù ní Bódìjà, gbogbo Ìbàdàn ló rí i pé ilé tó jìnnà sí ibi tí nǹkan ti bú náà lè fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹ bá gbé iléeṣẹ́ afọ́kùúta lọ sílé ẹjọ́, kí lẹ ó fi hàn adájọ́? Ẹni tó bá ti fi ọ̀dà bo ojú ògiri rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹlẹ́rìí.

Ẹ bi ògiri léèrè

Bí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bí ohun tó la ògiri kò bá tán, sìmẹ́ǹtì kò lè tán lọ́jà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a bi ògiri léèrè kí a tó dí i lẹ́nu. Kò gba ìwé gíga. Ojú, pẹ́ńsù àti sùúrù ló gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrísí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, tí kò sì jìn ju ìrẹ́ lọ, ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni. Sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ jù tàbí oòrùn tó tètè gbẹ ẹ́ ló fà á. Bí ó bá dábùú láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, yálà kò sí lítẹ́ẹ̀lì tó gbé ẹrù orí rẹ̀ dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé apá kan ilé ń rì. Bí ó bá dúró ṣánṣán níbi tí yàrá tuntun ti pàdé ilé àtijọ́, a ò so wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ó bá sùn gbọọrọ lábẹ́ òrùlé, igi òrùlé ló ń ti ògiri síta; ẹ gòkè lọ wò ó bóyá ikán ti jẹ igi náà.

Ẹ tún wo ibi tó ti fẹ̀ jù. Bí òkè bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ìkángun ilé ló ń rì tàbí tó ń fì síta. Bí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ ju òkè lọ, àárín ilé ló ń rì. Kí ẹ wá wọ inú yàrá. Bí ẹ bá rí ìlà kan náà lódì kejì, a jẹ́ pé ògiri fúnra rẹ̀ ló sán, kì í ṣe ìrẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń rìn. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà náà parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i. Ẹ wá awẹ́ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní apá méjèèjì, kó dábùú ojú ibi tó sán, kí ẹ tún kọ déètì síbẹ̀. Bí gíláàsì bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn. Ẹ máa ṣọ́ ọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di ìgbà òjò. Èyí tó ń là nígbà ọyẹ́ tó sì ń pa dé nígbà òjò, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń wú tó ń sún kì. Èyí tó ń là tí kì í padà, ìpìlẹ̀ ló ń lọ. Déètì tí ẹ kọ yẹn náà ni yóò gbẹnu sọ fún yín níwájú adájọ́ bí ó bá jẹ́ pé àdó ẹlòmíràn ló ń bà yín nílé jẹ́.

Ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ojú tí kò fẹ̀ tó mìlímítà 5, tí kò sì rìn mọ́, ẹ lè dí i fúnra yín. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ iṣẹ́ náà gan-an. Bí ó bá kọjá 15, ọ̀rọ̀ ti le. Bí ó bá dé 25, ilé náà kò ṣeé sùn mọ́ títí ẹnjiníà yóò fi rí i. Ohun kan sì wà tí kò gba rúlà rárá. Ìlà tó yọ láàárọ̀ tó ti fẹ̀ lálẹ́. Ilẹ̀kùn tó ń pa dé lánàá tó kọ̀ láti pa dé lónìí. Iyanrìn tó ń ya láti ara ògiri. Ògiri tó yọ ikùn síta. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kó ọmọ jáde kí ẹ tó ronú kan ẹrù. Ẹ má ṣe dúró de bírikìlà kankan.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó fà á, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà ní àwọn abúlé wa, omi lolè. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi òjò máa ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ ilé. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tì í kó dà gẹ̀rẹ̀ síta, kó má dà sínú. Ẹ fa etí páànù gùn, tàbí kí ẹ kan gọ́tà sí i. Ẹ gbé omi balùwẹ̀ lọ sí ibi tó jìnnà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ògiri bá gbẹ ni ẹ tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Bí ìpìlẹ̀ bá ń rì, ẹ fi igi gbé òrùlé dúró ná, kí ẹnjiníà wá darí iṣẹ́. Ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀nba bíi mítà kan la máa ń gbẹ́, a ó da kọnkéré sí i, a ó jẹ́ kó le, a ó fo ibì kan kọjá kí a tó gbẹ́ òmíràn. Ẹni tó bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti wó ilé náà fúnra rẹ̀.

Ìgbà náà ló tó kan ojú ibi tó sán. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ gbẹ́ ojú rẹ̀ kó fẹ̀, ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, ẹ bu omi sí i, kí ẹ la irin kọjá rẹ̀ ní ìdábùú níbi púpọ̀ bí ìgbà tí a ń rán aṣọ, kí ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn dí i. Bó bá jẹ́ amọ̀, ẹ ha ìrẹ́ tó ti kú kúrò, ẹ bu omi wọ́n ọn díẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ tí a po pọ̀ mọ́ koríko gígé dí i díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Irú kan náà ni kí ẹ fi tún irú rẹ̀ ṣe. Ọ̀dà ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí owó ọ̀dà ò bá sì sí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé tó tíì wó nítorí pé wọn ò kùn ún.

"Owó dà?"

Mo ti ń gbọ́ ariwo yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, owó àpò sìmẹ́ǹtì kan fò kọjá 10,000 náírà. Àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, níbo ló ti fẹ́ rí i? Òótọ́ ni. Ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Sìmẹ́ǹtì wọ́n, síbẹ̀ a ń dà á sójú ògiri lọ́dọọdún láìwo nǹkan kan sàn. Ojú àgbàrá gbígbẹ́ kò gba sìmẹ́ǹtì, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ló gbà. Amọ̀ kò gbówó lórí, inú ilẹ̀ ló wà. Pẹ́ńsù àti awẹ́ gíláàsì ńkọ́? Iye tí ẹ fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àlejò kan ju owó wọn lọ. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Owó kọ́ ló kọ́kọ́ dùn wá. Àṣehàn ló ń dà wá láàmú.

Àwọn mìíràn á ní, "Ilé ẹbí ni, kì í ṣe tèmi nìkan." Ẹ kú ọgbọ́n! Ilé tí gbogbo ọmọ ẹbí jùmọ̀ ni, tí ẹnì kan ò tọ́jú, òjò ló ni ín. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ ta ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa péjọ, títí kan ẹni tó wà lókè òkun. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tún un ṣe, kò sẹ́ni tó ni ín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó àti òkè òkun, owó aṣọ ẹbí kan péré tí ẹ bá yọ sílẹ̀, á gbẹ́ ojú àgbàrá yí ilé Bàbá yín ká, á sì fa etí páànù gùn.

Ẹ̀yin bírikìlà náà, mi ò ní gbàgbé yín. Iṣẹ́ yín níyì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ á tún là, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n á tún pè yín. Onílé ní kí ẹ dí i, ẹ sì dí i. Dókítà tó bá ń ta oògùn orí fífọ́ fún ẹni tó ní ibà, kó má pe ara rẹ̀ ní dókítà. Ẹ sọ fún onílé pé, "Bàbá, mi ò ní gba owó yín títí ẹ ó fi gbé omi yìí kúrò." Bó bá bínú, kó bínú. Ẹ̀rí ọkàn yín á mọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ó kàn yín

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, gbogbo yín lẹ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí iṣẹ́ àti ilé kíkọ́. Ìgbà wo ni àwọn òṣìṣẹ́ yín máa ń dé abúlé? Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìwé ilé ni, tàbí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á lọ. Onílé á fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ọ̀dà ìjọba àti ọ̀dà onílé, àwọn méjèèjì ò wo nǹkan kan sàn lára ògiri.

Ní Akánrán tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lónìí, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969, wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi owó orí àwọn ṣe. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó ń bèèrè lónìí kò gbé ìbọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò sì pọ̀: kí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa ilé máa lọ láti abúlé dé abúlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó wo ògiri láìgba kọ́bọ̀, kó sì sọ fún onílé ohun tó yẹ kó ṣe. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọdé kì í yan ògiri tó máa jókòó tì. Láti ọdún 1978 la ti dá iléeṣẹ́ ìwádìí NBRRI sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé àti títì nílẹ̀ yìí. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí di bíríkì tó le. Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ Lálùpọn àti Ìkéréku kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi kọ́ṣẹ́? Ṣé inú ìwé la fẹ́ máa kọ́lé sí ni?

Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ rí lónìí, ọkọ́ lè ka á. Bó bá pẹ́ sí i, á di ti ẹnjiníà. Bó bá tún pẹ́ sí i, á di ti àwọn tó ń fi ọwọ́ wa òkú nínú àwókù lóru, tí wọ́n ń pe orúkọ tí kò sẹ́ni tó dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ń lọ sílé lọ́dún yìí, ẹ má ra ọ̀dà. Ẹ mú pẹ́ńsù àti rúlà dání. Bí ẹ bá ti kí Ìyá tán, ẹ yí ilé po lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ògiri lanu, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ bi í pé kí ló ṣe é. Á dá yín lóhùn.